Kí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ má baà jẹ ìdí ilé yín

Gọ́tà òrùlé tí kò níbi tó ń gbé omi lọ burú ju kí ilé má ní gọ́tà rárá lọ. Ẹ mú ọ̀rọ̀ yìí dání kí ẹ tó ka èyí tó kù, torí ohun tí mò ń bá pàdé lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn. Onílé á rí i pé òjò ti ń gbẹ́ ìdí ilé òun, ọjà ló máa kọ́kọ́ gbà lọ. Á ra gọ́tà funfun, á pe ẹni tó máa kàn án mọ́ etí òrùlé, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Kí gọ́tà yẹn tó dé, yíká ilé ni omi ń bọ́ sí, díẹ̀ níbí, díẹ̀ lọ́hùn-ún. Nígbà tó dé tán, gbogbo omi á kóra jọ, á gba inú páìpù kan ṣoṣo sọ̀kalẹ̀ sí igun ilé. Igun yẹn gan-an ni ògiri méjì ti pàdé. Bí ibẹ̀ bá rì, méjèèjì ló máa fà lulẹ̀.

Bíríkìlà ni mí, Ìbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn àkókò òjò, àtúnṣe ni wọ́n sábà máa ń pè mí sí: ògiri tó sán, ilẹ̀ pálọ̀ tó rì, ìpìlẹ̀ tó ti yọ síta. Bí mo bá débẹ̀, òkè ni onílé máa ń nàka sí. Ilẹ̀ ni èmi máa ń wò.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò omi náà ná. Bí òjò tó ga ní mìlímítà kan bá rọ̀ sórí ibi tó gùn ní mítà kan, tó sì fẹ̀ ní mítà kan, lítà omi kan gééré ló jẹ́. Ilé oníyàrá mẹ́ta tí òrùlé rẹ̀ gùn ní mítà 12, tó fẹ̀ ní mítà 10, ó gba irú ibi bẹ́ẹ̀ 120. Òjò ńlá kan ní oṣù kẹfà tàbí oṣù kẹsàn-án lè tó mìlímítà 50 láàárín wákàtí díẹ̀. 6,000 lítà nìyẹn, táńkì dúdú oní-1,000 lítà mẹ́fà. Bí òrùlé bá dà síwájú, tó tún dà sẹ́yìn, 3,000 lítà ló máa bọ́ sẹ́yìn ilé, lórí ìlà tó gùn ní mítà 12. Ẹ pín in wò: kẹ́ẹ̀gì oní-25 lítà mẹ́wàá lórí mítà kọ̀ọ̀kan, nínú òjò kan ṣoṣo. Òjò tó ń rọ̀ n'Ìbàdàn lọ́dún sì lé ní mìlímítà 1,200. Ká kó o pọ̀, omi tí òrùlé kékeré yẹn ń dà sílẹ̀ lọ́dún kan tó táńkà omi oní-10,000 lítà mẹ́rìnlá. Ta ni yóò san owó táńkà mẹ́rìnlá kó sì ní kí wọ́n wá dà á sí ìdí ògiri òun?

Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Bí a ṣe ń kọ̀ fún un ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Irú ilẹ̀ tí ilé dúró lé ló máa ń pinnu ohun tí omi yóò ṣe sí i. Bó bá jẹ́ yanrìn, tàbí ilẹ̀ tí wọ́n rù wá fi dí kòtò, omi á máa wẹ̀ ẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀ títí abẹ́ ìpìlẹ̀ yóò fi ṣófo. Bó bá jẹ́ amọ̀, kò ní í wẹ̀ lọ kíákíá, ṣùgbọ́n á mu omi, á wú. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, á gbẹ, á sún kì. Wíwú àti sísúnkì yẹn lọ́dọọdún ló ń já ògiri. Ìdí nìyẹn tí ilé mìíràn fi jẹ́ pé inú oṣù kejì, nígbà tí òjò ti tán pátápátá, ni ògiri rẹ̀ ń lanu, tí onílé á sì máa wí pé òjò kọ́ ló fà á.

Ilé kan wà ní Akọbọ tí mo máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ló ni ín, ilẹ̀ ibẹ̀ sì dà láti iwájú lọ sẹ́yìn. Ẹni tó bá wọn kan gọ́tà fi páìpù ínǹṣì mẹ́rin kan ṣoṣo sí igun ilé ìdáná, ó sì gé ẹnu rẹ̀ sí ìwọ̀n ìka mẹ́rin sílẹ̀. Kí òjò ọdún kejì tó parí, ògiri ti sán láti igun ìsàlẹ̀ fèrèsé ilé ìdáná, ó dá gẹ̀ẹ́rẹ́ lọ títí dé igun ilé. Bàbá onílé fi sìmẹ́ńtì dí i, ó tún là. Nígbà tí a débẹ̀, abẹ́ ẹnu páìpù yẹn la ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́. A kò tíì gbẹ́ jìnnà tí ṣọ́bìrì fi wọ inú òfìfo. Mo kúnlẹ̀, mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ kọ́ńkéré ìpìlẹ̀, ó wọlé dé ìgbọ̀nwọ́, ọwọ́ mi ò kan nǹkan kan. Ilẹ̀ tó kù níbẹ̀ ń yọ̀ bí ọṣẹ. Yanrìn abẹ́ ilé bàbá ti bá omi lọ sí ìsàlẹ̀, òun la rí tó kóra jọ sí ìdí ọgbà ilé kejì.

Gọ́tà yẹn kò bàjẹ́. Kò jò, kò tẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n rà á fún ló ṣe, ó kó omi jọ. Ẹni tó kàn án ni kò béèrè ibi tí omi ń lọ. Torí náà, ìsàlẹ̀ ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá ibi tí omi máa parí ìrìn rẹ̀ sí, ẹ la ọ̀nà fún un débẹ̀, ẹ tún ilẹ̀ ìdí ilé ṣe. Ìgbà tí ẹ bá ṣe ìyẹn tán ni kí ẹ tó gbé àkàbà ti òrùlé.

Ẹ wo òjò kí ẹ tó náwó

Ẹ dúró de òjò ńlá kan. Ẹ wọ bàtà rọ́bà, ẹ gbé agbòòrùn, ẹ yí ilé ká lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ wo ibi tí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ń bọ́ sí gan-an, bóyá ó jìnnà sí ògiri tàbí ó ń ta sí i lára. Ẹ wo ibi tí apá òrùlé méjì ti pàdé, torí omi ibẹ̀ máa ń pọ̀ ju ti ibòmíràn lọ. Ẹ wo bóyá omi ń wọ inú ọgbà yín láti òkè, láti ojú títì tàbí láti ilé ẹlòmíràn, nítorí bí ẹ bá tún ti òrùlé ṣe tí ẹ fi ti òkè sílẹ̀, ìdajì iṣẹ́ lẹ ṣe. Ẹ fi igi kéékèèké gúnlẹ̀ síbi tí omi ti ń ṣàn àti ibi tó ti ń dúró. Bí òjò bá dá, ẹ fún un ní wákàtí kan, kí ẹ tún jáde. Ibi tí omi bá ṣì dúró sí nítòsí ògiri ni ibi tí ẹ ó ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́.

Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn ni, ògiri fúnra rẹ̀ máa jẹ́rìí. Ilẹ̀ pupa tó ta sí i lára máa fi bí omi ṣe ń ta ga tó hàn yín. Ẹ tún máa rí kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ tí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ gbẹ́ yí ilé ká, pẹ̀lú pẹ́ẹ̀ntì ìsàlẹ̀ tó ń ṣí.

Ṣùgbọ́n bí ibi tí ògiri ti sán bá fẹ̀ débi tí bírò lè wọ̀ ọ́, tàbí tí ilẹ̀kùn tó ń tì dáadáa tẹ́lẹ̀ kò bá fẹ́ tì mọ́, ẹ pe ẹnjiníà tó mọ̀ nípa ilé kó wá yẹ ìpìlẹ̀ wò. Dídarí omi máa dá ìbàjẹ́ dúró, kò lè gbé ògiri tó ti rì padà sókè. Ẹ má sì gbẹ́ abẹ́ ìpìlẹ̀ tó ti ṣófo ní gígùn lẹ́ẹ̀kan náà, ògiri lè wó lé yín lórí.

Ibi tí omi máa sùn

Gọ́tà ojú títì ló dára jù, bó bá rẹlẹ̀ ju inú ọgbà yín lọ. Ọ̀pọ̀ ilé ló wà n'Ìbàdàn tó jẹ́ pé nígbà tí wọ́n ń ṣe títì, wọ́n gbé títì ga, ilé wá wà nínú kòtò. Omi irú ilé bẹ́ẹ̀ kò lè gun òkè lọ bá gọ́tà, ẹ̀yìn tàbí ẹ̀gbẹ́ la ó ti wá ọ̀nà. Bí gọ́tà ìjọba bá wà, ẹ jẹ́ kí omi nìkan wọ̀ ọ́. Ẹ má gbá yanrìn sí i, ẹ má da ìdọ̀tí sí i. Àwọn tó rí bí odò Ògùnpa ṣe kún bo ilé n'Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, àti àwọn tó rí omi tó tún bo ìlú ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí omi gbogbo ìlú bá dé odò tí ọ̀nà rẹ̀ ti dí. Omi òrùlé yín wà lára omi yẹn.

Bí kò bá sí gọ́tà, ẹ lè darí rẹ̀ sí apá ibi tó rẹlẹ̀ nínú ilẹ̀ tiyín, níbi tí koríko wà, kó lè tàn ká, kó sì wọlẹ̀. Ó kéré tán, kó jìn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí ògiri ilé yín àti ti ẹlòmíràn. Ẹ má dà á lu ilé aládùúgbò. Ìjà tí mo ti rí láàárín ará àdúgbò lórí ọ̀rọ̀ omi pọ̀ ju ti ààlà ilẹ̀ lọ, ẹni tí wọ́n bá da omi lu ìpìlẹ̀ rẹ̀ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú. Ẹ pe aládùúgbò ìsàlẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ wo ọ̀nà omi. Nígbà mìíràn, gọ́tà kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ló máa wúlò fún ilé méjèèjì, owó á sì pín sí méjì.

Ẹ má darí rẹ̀ sí ṣọ́kàwéè ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ń ṣe é, torí pé ihò ti wà níbẹ̀. Nígbà òjò, ilẹ̀ ti mu omi yó. Bí ẹ bá tún da 6,000 lítà sí i, ṣọ́kàwéè á kún, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò ní í gba omi mọ́, ẹ̀gbin á sì máa padà sókè. Ẹ má sì jẹ́ kó ṣàn gba ẹnu kànga kọjá.

Ojú máa ń tan ènìyàn lórí ibi tí ilẹ̀ dà sí. Èyí tó dà bíi pé ó tẹ́jú lè dà sí ọ̀dọ̀ ilé gan-an. Rọ́bà oníhò tó mọ́ gaara, tí àwa bíríkìlà fi ń mú lẹ́fẹ́ẹ̀lì láti mọ ibi tó ga àti ibi tó rẹlẹ̀, ló máa bá yín yanjú rẹ̀, kò sì wọ́n. Ẹ ra èyí tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 50. Ẹ bu omi kún un, kó ku bí ìbú ọwọ́ kan ní orí kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbé e sókè kí ẹ wò ó dáadáa láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Bí ẹ bá rí afẹ́fẹ́ kankan tó há sínú rẹ̀, bó ti wù kó kéré tó, ẹ tú omi náà dànù kí ẹ tún un bù, torí irọ́ ló máa pa fún yín. Kí ẹnì kan di orí kan mú lára ògiri, kí ẹnì kejì di orí kejì mú lára igi tí ẹ gún síbi tí omi máa lọ. Bí ẹ bá ń rìn, ẹ fi àtàǹpàkò dí ẹnu rẹ̀. Bí ẹ bá dúró, ẹ ṣí i. Omi á lọ sókè sódò díẹ̀, lẹ́yìn náà á dúró jẹ́ẹ́. Bó bá ti dúró, ojú omi méjèèjì ti dọ́gba nìyẹn. Ẹ fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sí ibi méjèèjì, kí ẹ wọn láti ìlà dé ilẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà méjì lára ògiri, tó jẹ́ mẹ́ta lára igi, ilẹ̀ fi ẹsẹ̀ bàtà kan rẹlẹ̀ lọ sí ibẹ̀. Fún gọ́tà ilẹ̀ tàbí páìpù tí ẹ máa rì mọ́lẹ̀, ínǹṣì kan fún ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ ni kí ẹ má ṣe dín kù sí. Ibi tó jìn ní ẹsẹ̀ bàtà 40 gbọ́dọ̀ fi ínǹṣì márùn-ún rẹlẹ̀.

Ilẹ̀ ìdí ilé

Láti ìdí ògiri, kí ilẹ̀ dà síta pẹ̀lú ínǹṣì mẹ́fà láàárín ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá àkọ́kọ́. Bí àyè yín kò bá tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, bí kò ti tó ní ọ̀pọ̀ ọgbà n'Ìbàdàn, ẹ jẹ́ kó dà tó bí àyè bá ṣe gbà, kí ẹ sì fi gọ́tà ilẹ̀ gbà á ní ìparí rẹ̀. Ẹ hú koríko àti ilẹ̀ dúdú kúrò ná. Ilẹ̀ pupa tó mọ́ ni kí ẹ fi dí i. Ẹ bù ú sílẹ̀ ní ìpele ínǹṣì mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i, ẹ lù ú kó le gbagidi kí ẹ tó bu ìpele kejì. Yanrìn kò dára níbí. Omi máa gba inú yanrìn kọjá lọ bá ìpìlẹ̀, òkè rẹ̀ á gbẹ, ẹ ó sì rò pé iṣẹ́ ti parí. Kí ilẹ̀ tí ẹ dí sì fi ínǹṣì mẹ́fà rẹlẹ̀, ó kéré tán, ju ojú ilẹ̀ inú ilé lọ. Mo ti rí ẹni tó kó ilẹ̀ ti ògiri títí tí omi fi ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé.

Ẹ kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti òdòdó tí ẹ ń bomi rin kúrò nídìí ògiri. Ebè tí ẹ kọ sí etí ilé kòtò omi ni, ẹ̀fọ́ tó wà níbẹ̀ kò tó ohun tó máa ná yín.

Bí ilẹ̀ bá ti dúró, pèpéle kọ́ńkéré ló kàn, èyí tó máa yí ilé ká. Ẹ so òkúta mọ́ okùn, ẹ jẹ́ kó rọ̀ láti etí páànù, ibi tó bá kan ni ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ máa ń bọ́ sí. Kí pèpéle kọjá ibẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ bàtà kan, ó kéré tán. Bí òrùlé bá yọ síta ní ẹsẹ̀ bàtà méjì, kí pèpéle fẹ̀ tó mẹ́ta. Èyí tó bá kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ, etí rẹ̀ gan-an ni ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ máa gbẹ́, á sì fọ́. Bí mo ṣe máa ń po kọ́ńkéré rẹ̀ ni ìwọ̀n sìmẹ́ńtì kan, yanrìn méjì, gírànáìtì mẹ́rin. Omi níwọ̀n ni o. Kọ́ńkéré tó bá ń ṣàn bí ẹ bá dà á, omi rẹ̀ ti pọ̀ jù. Kó nípọn ní ínǹṣì mẹ́ta, kó sì dà síta: ínǹṣì kan àbọ̀ láàárín ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Ẹ gé e sí apá kọ̀ọ̀kan ní ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún márùn-ún kó má baà sán bó ṣe wù ú. Ẹ má so ó mọ́ ògiri. Ẹ fi àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀, kí ẹ fi ọ̀dà dúdú dí i, torí ilé àti pèpéle kì í rì bákan náà. Ẹ máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ méje. Bó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́, ẹ fi àpò bò ó pẹ̀lú, nítorí ọyẹ́ máa ń gba omi inú sìmẹ́ńtì kó tó le.

Ní etí pèpéle, ẹ gbẹ́ gọ́tà ilẹ̀ tó fẹ̀ ní ínǹṣì mẹ́sàn-án, ẹ fi bùlọ́ọ̀kù tàbí kọ́ńkéré ṣe é, ẹ rẹ́ inú rẹ̀ kó dán. Níbi tó ti yà, ẹ má jẹ́ kó ní igun ganran, ẹ jẹ́ kó tẹ̀. Igun ganran ni ewé ti máa ń dúró.

Ẹni tí owó sìmẹ́ńtì bá wọ̀ lọ́rùn, kó má rò pé kò sí ọ̀nà mìíràn. Ní Ilé-Ifẹ̀, àpáàdì ni àwọn baba wa fi tẹ́ ojúlẹ̀ àgbàlá àti ọ̀nà, wọ́n to wọ́n lóòró, wọ́n kì wọ́n mọ́ra, òjò kò sì rí ilẹ̀ gbẹ́. Ìtàn sọ pé Lúwo, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni, ló pàṣẹ rẹ̀. Ó ti pé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, àwọn tó ń wú ilẹ̀ ṣèwádìí ṣì ń bá a ní mímúlẹ̀. Ẹ̀kúfọ́ bùlọ́ọ̀kù, táìlì tó fọ́ àti òkúta ilẹ̀ pupa wà káàkiri ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Ẹ to wọ́n lóòró, kí wọ́n fún mọ́ra, kí wọ́n dà síta, kí ẹ fi sìmẹ́ńtì díẹ̀ dí àárín wọn. Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ kò ní í rí ilẹ̀ gbẹ́. Ohun tí n kò fẹ́ kí ẹ ṣe ni kí ẹ gbẹ́ kòtò sídìí ògiri, kí ẹ kó gírànáìtì kún un, kí ẹ fi í sílẹ̀ láìsí ibi tí omi ń gbà jáde. Ó rẹwà lójú, ṣùgbọ́n ẹ ti gbẹ́ kànga fún ìpìlẹ̀ nìyẹn.

Ìgbà yìí la tó kan gọ́tà

Ilé tó ní pèpéle tó dára àti gọ́tà ilẹ̀ lè ṣàì nílò gọ́tà òrùlé rárá. Ẹni tí àyè rẹ̀ há, tàbí tó fẹ́ gba omi òjò lò, ni mo máa ń gbà níyànjú pé kó ṣe é.

Kí etí páànù wọ inú gọ́tà ní ínǹṣì méjì. Bó bá kúrú, omi á máa gba ẹ̀yìn gọ́tà lọ sára pákó etí òrùlé, pákó á sì jẹrà. Kí gọ́tà dà díẹ̀ sí ọ̀nà páìpù, ìwọ̀n ìdajì ínǹṣì fún ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá tó. Irin tó gbé e dúró, kí ó má jìn ju ẹsẹ̀ bàtà méjì síra wọn lọ, torí òjò wa wúwo, oòrùn wa sì ń mú ike tẹ̀. Kí páìpù ínǹṣì mẹ́rin kan má gba omi gọ́tà tó gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 30 lọ. Níbi tí òrùlé méjì ti pàdé, ẹ fi páìpù sí tòsí ibẹ̀.

Ẹsẹ̀ páìpù ni kí ẹ fojú sí jù. Kò gbọ̀dọ̀ parí sórí ilẹ̀ lásán. Ẹ fi páìpù tó tẹ̀ yí ẹnu rẹ̀ síta, kó da omi sínú gọ́tà ilẹ̀ ní tààrà, tàbí kí ẹ so ó mọ́ páìpù tí ẹ rì mọ́lẹ̀ títí dé ibi tí omi máa sùn. Bí ẹ bá rì í, ẹ kọ́ àpótí bùlọ́ọ̀kù kékeré tó ní ìdérí síbi tó bá ti yà, kí ẹ lè rí ibi tí ẹ máa gbà yọ ewé. Páìpù tó dí lábẹ́ ilẹ̀, tí kò sì sí ibi tí a lè gbà ṣí i, wíwú la máa wú u.

Ilé tí wọ́n fi ògiri bo òrùlé mọ́lẹ̀ yípo, tí gọ́tà rẹ̀ jẹ́ kọ́ńkéré lókè, ní ewu tirẹ̀. Bí ihò tí omi ń gbà jáde bá dí, orí àjà ni gbogbo rẹ̀ máa dúró sí. Ẹ lu ihò kejì sára ògiri yẹn, kó ga díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọjọ́ tí omi bá ń gba ibẹ̀ jáde, ẹ ti mọ̀ pé ìsàlẹ̀ ti dí.

Bí ẹ bá darí omi sínú táńkì, ẹ rántí pé táńkì máa kún, òjò á sì ṣì máa rọ̀. Páìpù tó ń gbé àkúnwọ́sílẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ lọ sí gọ́tà ilẹ̀ bíi ti yòókù. Omi òjò àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọyẹ́, ẹ jẹ́ kó lọ, eruku àti ìgbẹ́ ẹyẹ ló wẹ̀ kúrò lórí páànù. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bo ẹnu táńkì kí ẹ̀fọn má baà yé sí i.

Ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ kòtò tí omi máa wọlẹ̀ sí, kó kọ́kọ́ dán ilẹ̀ wò. Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn ní ẹsẹ̀ bàtà méjì, ẹ bu omi kún un, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ tún un bù kún. Bó bá di ọjọ́ kejì tí omi ìkejì ṣì wà níbẹ̀, amọ̀ ni, ẹ gbàgbé kòtò. Bó bá wọlẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀, ẹ lè gbẹ́ ẹ, kó jìn ní ẹsẹ̀ bàtà 15 sí ilé. Ẹ mọ̀ pé kòtò tí ẹ kó òkúta kún, bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ ló máa gba omi.

Ilé alámọ̀ bí èyí tó pọ̀ ní Bẹẹrẹ, Ọjàa'ba àti Màpó yàtọ̀ díẹ̀. Ẹ má fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ìsàlẹ̀ ògiri rẹ̀ ní èrò pé ẹ fẹ́ dáàbò bò ó. Omi tó bá gba ilẹ̀ wọlé á há sẹ́yìn sìmẹ́ńtì yẹn, amọ̀ á rọ̀ láìjẹ́ pé ojú rí i, títí ọjọ́ tó máa ya lulẹ̀. Ẹ fi amọ̀ rẹ́ ẹ, bí wọ́n ti ń ṣe é látilẹ̀. Ẹ fa etí páànù síta, kí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ jìnnà sí ògiri, kí ẹ sì tẹ́ ilẹ̀ ibi tó ń bọ́ sí. Fún irú ilé yẹn, páànù tí ẹ fà síta ju gọ́tà èyíkéyìí lọ.

Àkókò iṣẹ́ ni láti oṣù kọkànlá sí oṣù kejì, nígbà tí ilẹ̀ gbẹ. Ní ìparí oṣù kejì, ẹ gun òkè lọ kó ewé máńgòrò àti ìdọ̀tí inú gọ́tà, ẹ da omi kẹ́ẹ̀gì kan sí i, ẹ tẹ̀lé e dé ìparí. Nígbà tí òjò bá sinmi ní oṣù kẹjọ, ẹ tún un ṣe, kí ti oṣù kẹsàn-án tó dé.

Bí owó kò bá tó fún gbogbo rẹ̀, mímú kí ilẹ̀ ìdí ilé dà síta ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Ọkọ́, ṣọ́bìrì, rọ́bà lẹ́fẹ́ẹ̀lì àti òógùn lásán ló fẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ la gọ́tà ilẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ́ lásán tí ẹ kò tíì rẹ́. Kí pèpéle tẹ̀lé e, ẹ̀yìn ilé lọ́dún yìí, iwájú lọ́dún tó ń bọ̀, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti apá ibi tí igi tí ẹ gún nínú òjò pọ̀ sí jù. Owó gọ́tà funfun, ẹ tọ́jú rẹ̀ di ìgbà tí gbogbo ìyẹn bá parí.